Oko kajú lẹ́yìn Bouaké, àti àwọn sátẹ́láìtì tí a ṣì ń retí



Ní oṣù keje tó kọjá, ọ̀kan nínú yín fi ohùn ránṣẹ́ sí wa láti Bouaké. Ọmọ Èjìgbò ni bàbá náà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Côte d'Ivoire débi pé bó bá ń ka owó, èdè Faransé ló fi ń kà á. Oko kajú rẹ̀ tó hẹ́kítà mẹ́rin, lọ́nà M'bé, ó sì ń gbin iṣu sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn: "Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ṣí àwòrán oko mi lórí fóònù, funfun báláú ni mo rí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Ṣé oko mi ti sọnù lójú yín ni, àbí owó kan wà tí mi ò tíì san?"

Oko bàbá kò sọnù, wọn kò sì jẹ wá lówó. Ìkùukùu ni.

Èsì ìlà méjì ni mo fẹ́ kọ kí n sì máa bá iṣẹ́ mi lọ. Ọ̀rọ̀ tí bàbá fi kún un ló dá mi dúró: "Ta ló tiẹ̀ ni sátẹ́láìtì tí ẹ fi ń wo oko wa? Mo gbọ́ pé Nàìjíríà ní tirẹ̀. Àwọn ará ibí náà ní àwọn fẹ́ fi tiwọn ránṣẹ́ sókè. Ìgbà wo ni yóò kàn wá?" Ìbéèrè yìí tọ́ sí ju ìlà méjì lọ. Bí ẹ bá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lábẹ́ igi, ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ojú tó ń wo oko yín báyìí

Púpọ̀ nínú àwòrán ewé tí ẹ ń rí lórí áàpù bíi tiwa, ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní Sentinel-2 ló ti ń wá. Àkọ́kọ́ gbéra ní oṣù kẹfà ọdún 2015, èkejì ní oṣù kẹta ọdún 2017, ẹ̀kẹta ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Láti Kourou ni gbogbo wọn ti gbéra, ní ilẹ̀ Guyana tó wà lábẹ́ Faransé ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Wọ́n wà ní nǹkan bí kìlómítà 786 lókè orí wa. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀ tàbí ìgbà tó sún mọ́ ọn ni wọ́n ń kọjá, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n sì ń padà wá wo ibi kan náà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fi àwòrán wọn sílẹ̀ fún gbogbo ayé.

Kámẹ́rà náà kò rí ewé kọ̀ọ̀kan. Ó pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin kéékèèké, mítà 10 ní gígùn, mítà 10 ní ìbú, àwọ̀ kan ṣoṣo ló sì ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ rántí pé mítà 10 sí mítà 10 náà ni wọ́n máa ń gbà wá nímọ̀ràn pé ká fi sáàárín igi kajú. Hẹ́kítà kan, igi ọgọ́rùn-ún, igun ọgọ́rùn-ún. Inú mi dùn nígbà tí mo ṣe ìṣirò yẹn, bí ẹni pé àwọn tó kọ́ sátẹ́láìtì náà bá àgbẹ̀ kajú sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Wọn kò bá a sọ̀rọ̀ o. Ẹni tó bá sì gbin kajú tirẹ̀ pọ̀ bí irun orí, kí ó má fi ìṣirò mi ṣe ẹ̀rí.

Kámẹ́rà yìí kò yàtọ̀ sí ojú ènìyàn: bí aṣọ bá bo nǹkan, kò ní rí i. Nígbà òjò, ìkùukùu a bo àárín gbùngbùn Côte d'Ivoire, a bo Ìbàdàn, a bo Oǹdó. Sátẹ́láìtì á kọjá, á ya àwòrán, ẹ̀yìn ìkùukùu nìkan ni yóò yà. Àsìkò tí koríko ń bá iṣu jà, tí kòkòrò ń jẹ àgbàdo, tí a nílò ojú yẹn jù, àsìkò náà gan-an ni ojú ń fọ́.

Sátẹ́láìtì mìíràn wà tí ìkùukùu kò dí lọ́wọ́. Rédà ni wọ́n gbé sínú rẹ̀. Kì í dúró de ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń rán ìgbì wá sílẹ̀, tó sì ń gbọ́ bí ìgbì náà ṣe padà, bí àdán ṣe ń fi ohùn rẹ̀ mọ ọ̀nà lóru. Omi tó tẹ́jú, ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, ìrẹsì tó ti ga: bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń dá ìgbì padà yàtọ̀. Fún àwọn olóko ìrẹsì àkùrọ̀ ní M'bé, níbi tí AfricaRice ní ibùdó ìwádìí rẹ̀, irú ojú yìí wúlò ju kámẹ́rà lọ, nítorí inú omi ni ìrẹsì wọn ń gbé, ìgbà òjò ni wọ́n sì ń gbìn ín.

Sentinel-1 ni wọ́n ń pe ti Yúróòpù tó ń gbé rédà. Mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí ìtàn rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ìdí tí ètò fífi sátẹ́láìtì ránṣẹ́ fi kan ẹni tó ń kọ ebè.

Méjì ni wọ́n. Ọ̀kan gbéra ní 2014, èkejì ní 2016, wọ́n jọ ń pín iṣẹ́ ṣe. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, iná èkejì kú lójijì, wọn kò sì rí i jí mọ́. Ẹ̀kẹta wà tí wọ́n lè fi rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n rọ́kẹ́ẹ̀tì tí yóò gbé e, Vega-C, fìdí rẹmi ní oṣù kejìlá ọdún 2022, wọ́n sì dá a dúró fún nǹkan bí ọdún méjì. Oṣù kejìlá ọdún 2024 ni ẹ̀kẹta tó gòkè. Ó tó ọdún mẹ́ta tí gbogbo ayé fi ń lo ojú kan níbi tó yẹ kó jẹ́ méjì. Ẹ̀kẹrin tẹ̀lé e ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ọkàn àwa tó ń ṣe máàpù sì balẹ̀ díẹ̀.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì àkọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ń yà léraléra jù, ní ọjọ́ mẹ́fà mẹ́fà. Iye ìgbà tí wọ́n ń ya púpọ̀ nínú ilẹ̀ Áfíríkà kò tó bẹ́ẹ̀. Mi ò bínú sí wọn: owó wọn ni, oko àwọn àgbẹ̀ wọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, wọ́n sì ń fún wa ní ìyókù lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni.

Nàìjíríà ti wà lórí rẹ̀ tipẹ́

Ọdún 1999 ni Nàìjíríà dá àjọ NASRDA sílẹ̀, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òfurufú. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, NigeriaSat-1 gbéra láti Plesetsk ní Rọ́ṣíà. Surrey ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́ ọ, rọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà ló sì wọ̀ pẹ̀lú ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Tọ́kì, bí àwọn oníṣòwò ṣe máa ń dá owó jọ gba ọkọ̀ ẹrù kan láti Èjìgbò dé Àbíjàn. Igun tirẹ̀ fẹ̀ tó mítà 32. Kò lè rí oko hẹ́kítà kan dáadáa, ṣùgbọ́n ó lè rí ibi tí aṣálẹ̀ ti ń jẹ ilẹ̀ ní Àríwá, àti ibi tí omi ti ya. Nígbà tí ìjì Katrina ba ìlú jẹ́ ní Amẹ́ríkà ní 2005, àwòrán láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wà lára èyí tí wọ́n lò.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, méjì tún gòkè lọ́jọ́ kan náà láti Yasny ní Rọ́ṣíà: NigeriaSat-2, tí ojú rẹ̀ mú dé mítà méjì ààbọ̀, àti NigeriaSat-X, tí àwọn ẹnjiníà ọmọ Nàìjíríà fi ọwọ́ ara wọn kọ́ nígbà tí wọ́n ń gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ ní Surrey. Ti X yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ kò mú tó ti ìkejì rẹ̀. Àwọn tó kọ́ ọ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ti ìbánisọ̀rọ̀ ló fi ojú wa rí nǹkan. NigComSat-1 gbéra láti Xichang ní Ṣáínà ní oṣù karùn-ún ọdún 2007. Kò tíì pé ọdún méjì, ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, ohun tó ń fi oòrùn ṣe iná fún un bàjẹ́, ó sì kú. Ohun tó gbà wá ni pé wọ́n ti ra ìwé adójútòfò fún un. Òun ni wọ́n fi kọ́ òmíràn, NigComSat-1R, tó gòkè ní oṣù kejìlá ọdún 2011 láìjẹ́ pé Nàìjíríà tún san owó tuntun. Ẹni tó ti pàdánù mọ́tò ìkẹ́rù rí láìní ìwé adójútòfò yóò mọ bí ìyẹn ti tó.

Wàyí o, ẹ bá mi ṣírò. Ọdún 15 ni wọ́n ní kí 1R lò. Ẹ ro 15 mọ́ 2011, 2026 ló bọ́ sí. NigeriaSat-2 ńkọ́? Nǹkan bí ọdún méje ni wọ́n ṣírò fún un, ó sì ti kọjá ìyẹn tipẹ́. Kì í ṣe pé sátẹ́láìtì máa ń kú lọ́jọ́ tí ọdún rẹ̀ pé. Ó dà bí igi kajú tó ti dàgbà: ó lè ṣì máa so, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ kì í dúró kí igi gbẹ tán kó tó lọ fi irúgbìn sí nọ́sìrì.

Ohun tí wọ́n fi sí nọ́sìrì rèé. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé ààrẹ ti fọwọ́ sí sátẹ́láìtì ìbánisọ̀rọ̀ méjì, NigComSat-2A àti 2B. Ètò wọn ni pé kí àkọ́kọ́ gbéra ní 2028, kí èkejì tẹ̀lé e ní 2029. Wọ́n tún sọ̀rọ̀ nípa mẹ́rin mìíràn tí yóò máa wo ilẹ̀, tí ọ̀kan nínú wọn yóò gbé rédà. Fún àgbẹ̀, ọ̀kan tó gbé rédà yẹn ló yẹ ká máa béèrè lọ́wọ́ wọn lọ́dọọdún. Àwọn yòókù wúlò, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ọ̀fẹ́ ti pọ̀ lókè. Ojú tó ń rí ẹ̀yìn ìkùukùu ni kò tíì tó.

Ìkéde kì í ṣe ìgbéra, ẹ̀yin náà mọ̀. Owó gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé ìṣúná, kí ó sì jáde níbẹ̀, èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Kíkọ́ sátẹ́láìtì ńlá lè gba ọdún méjì, mẹ́ta. A ó fi orúkọ ìgbì tí yóò fi máa sọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ITU ní Geneva, kí ti ẹnì kan má baà dí ti ẹlòmíràn lọ́wọ́. A ó gba àyè nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì, a ó sì máa gbàdúrà kí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà má ṣe bíi ti Vega-C. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ orí ilẹ̀ tí yóò máa gba àwòrán, àti àwọn ọ̀dọ́ tí yóò máa kà á. Ibi tó kẹ́yìn yìí ni mo ti rí i pé owó máa ń tán. Wọ́n á ra ojú, wọ́n á gbàgbé ẹni tí yóò máa wò.

Yamoussoukro, Àkúrẹ́, Dakar

Bàbá wa ní Bouaké kò purọ́: Côte d'Ivoire náà ń bọ̀. Ní 2023 ni wọ́n kéde rẹ̀ níbẹ̀ pé sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ ti orílẹ̀-èdè náà, YAM-SAT-CI 01, yóò jẹ́ kíkọ́ ní Yamoussoukro, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga INP-HB. Ibẹ̀ kò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà sí Bouaké. Ọdún 2024 ni wọ́n kọ́kọ́ fojú sí. Oríṣi kékeré ni, èyí tí ènìyàn lè gbé lọ́wọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tàn yín pé irú sátẹ́láìtì kékeré bẹ́ẹ̀ ni yóò fi igi kajú yín hàn yín. Àwa náà ti ṣe irú rẹ̀. Yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́ bá àwọn ará Jàpáàn kọ́ NigeriaEduSat-1, tó gòkè ní oṣù kẹfà ọdún 2017 pẹ̀lú ti Gánà, Mongolia, Bangladesh àti Jàpáàn fúnra rẹ̀. Ìwọ̀n kìlógíráàmù kan ni, kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó kéré sí agolo mílíìkì ńlá. Ohun tó mú wá fún wa ni àwọn ọmọ tó ti fọwọ́ kan iṣẹ́ náà rí. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré, ṣùgbọ́n kì í ṣe máàpù oko.

Àwọn ará Senegal ló rí iṣẹ́ gidi fún sátẹ́láìtì kékeré, lójú tèmi. GaindéSat-1A tiwọn gbéra láti California ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 2024, nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó gbé ẹrù tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ́jọ́ náà. Wọn kò sọ pé kí ó máa ya ewé. Wọ́n ní kí ó máa gba ìròyìn láti ọ̀dọ̀ àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n gbé sétí odò àti sínú ìgbẹ́, èyí tó ń wọn omi àti ojú ọjọ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kò dé. Irinṣẹ́ á wọn omi, sátẹ́láìtì á kọjá, á gbà á, á gbé e lọ sí Dakar.

Ẹ̀yin ará Bouaké, mo mọ ohun tó sọ sí yín lọ́kàn báyìí. Loka. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, adágún tí wọ́n sé ní Loka, tí ìlú yín ń mu, gbẹ. Ẹnu ẹ̀rọ omi gbẹ, àwọn obìnrin ń jí lóru lọ tò sídìí kànga, ọkọ̀ tó ń pín omi ni gbogbo ènìyàn ń retí. Adágún kì í gbẹ lóru ọjọ́ kan. Oṣù lórí oṣù ló ń fà sẹ́yìn, àwòrán ọ̀fẹ́ láti ọ̀dọ̀ Sentinel àti Landsat ti Amẹ́ríkà sì wà nígbà náà, ọyẹ́ ló sì ń fẹ́, ìkùukùu kò pọ̀. Sátẹ́láìtì kọ́ ni kò sí. Idi nìyí tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé bí tiwa bá ti gòkè, wàhálà tán. Irinṣẹ́ kan létí omi Loka, sátẹ́láìtì kékeré kan tó ń gbọ́ ọ, àti ẹnì kan ní ọ́fíìsì tó ní àṣẹ láti pariwo nígbà tí omi bá dé àmì kan: irú ètò bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n kọ sínú ìwé kí wọ́n tó kọ orúkọ rọ́kẹ́ẹ̀tì.

Áfíríkà lápapọ̀ náà ti ní ilé fún ọ̀rọ̀ yìí báyìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025 ni wọ́n ṣí àjọ òfurufú Áfíríkà ní Cairo, ọmọ Côte d'Ivoire kan, Tidiane Ouattara, ló sì jẹ́ ààrẹ ìgbìmọ̀ rẹ̀.

Títí wọn yóò fi dé

Bí àwòrán oko yín bá funfun, ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí wọ́n yà á, lábẹ́ rẹ̀ ní apá òsì. Bí ó bá jẹ́ ìgbà òjò, ẹ fọwọ́ sún un padà sí àwòrán mímọ́ tó gbẹ̀yìn. Ẹ má ṣe lọ fọ́n ajílẹ̀ tàbí oògùn nítorí àwọ̀ tí ẹ rí lórí àwòrán tí ìkùukùu bò ní ìdajì. Òjìji ìkùukùu a máa mú kí ewé tútù dà bí èyí tó ń kú.

Ẹ rìn yí oko yín ká pẹ̀lú fóònù lẹ́ẹ̀kan ní ẹ̀ẹ̀rùn, kí ààlà rẹ̀ lè tọ́. Ẹ gba ìta, ẹ má gba abẹ́ igi tó ṣú, nítorí fóònù náà ń wá sátẹ́láìtì tirẹ̀ lókè. Fún àwọn tó ní kòkó, èyí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú: òfin Yúróòpù lórí pípa igbó run, bí wọ́n tilẹ̀ ti sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú, yóò béèrè ibi tí kòkó ti wá, yóò sì fẹ́ mọ̀ bóyá igbó ni ibẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2020. Oko tó bá ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, ààlà rẹ̀ yíká ni wọ́n ń fẹ́; àmì kan láàárín kò tó. Kajú kò sí nínú òfin náà. Ẹ rìn ín bẹ́ẹ̀ náà.

Ní oṣù kọkànlá, ojú ọ̀run mọ́ lórí Bouaké, àwòrán oko bàbá jáde. Ewé tútù ni gbogbo rẹ̀, àfi igun bíi mẹ́jọ ní apá ìwọ̀-oòrùn tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n lọ wò ó lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀ka igi ló wà nílẹ̀ káàkiri, bí ẹni pé wọ́n fi ayùn rẹ́ ẹ yíká: kòkòrò onímùwo gígùn tó máa ń gé ẹ̀ka kajú lásìkò yìí, tó ń yé ẹyin sínú ẹ̀ka tó gé. Mo sọ fún bàbá pé kí wọ́n ṣa gbogbo ẹ̀ka náà jọ, àti èyí tó ṣì so kọ́ sórí igi, kí wọ́n sun ún lójú kan tí wọ́n ti ro koríko rẹ̀ kúrò yíká, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ di oṣù tó ń bọ̀, kí ẹyin má baà pa.

Wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ padà nírọ̀lẹ́ pé àwọn ti sun ún. Wọ́n tún béèrè bóyá ti Yamoussoukro yẹn yóò lè rí kòkòrò náà. Mo ní rárá, bàbá, ẹ̀yin lẹ rí i.